Ìpàdé geocaching ní pọ́ọ̀bù: ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba mọ̀ kó tó lọ

Geocaching ni eré fífi GPS inú fóònù wá “cache”, ìyẹn àpótí kékeré tí ẹlòmíràn fi pamọ́. Bí ẹ bá ti wá méjì mẹ́ta rí ní páàkì àdúgbò yín, ẹ ó ti rí i pé kì í ṣe gbogbo àmì orí máàpù ló jẹ́ ike tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò igi. Òmíràn nínú wọn, ìpàdé ni: ó ní ọjọ́, ó ní aago, pọ́ọ̀bù ni wọ́n sì sábà máa ń pè é sí. Àwọn kan a máa fi ojú òfuurufú ṣe kókó ìpàdé wọn, pàápàá láàárín 4 sí 10 oṣù kẹwàá tó jẹ́ Ọ̀sẹ̀ Òfuurufú Àgbáyé, tàbí ní 20 oṣù keje, ọjọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969. Ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ sáyẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí lára ti tó. Ẹni tí kò wọ nǹkan kan pàtàkì kò ní dá wà.

Òfuurufú kì í sì í ṣe àlejò nínú eré yìí. Sátẹ́láìtì GPS tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa ló ń sọ ibi tí àpótí wà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣíwọ́ bíba àmì GPS jẹ́ fún aráàlú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2000, kò pé ọjọ́ mélòó kan tí Dave Ulmer fi ri ike kan mọ́lẹ̀ ní Oregon, tó sì gbé nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ “Will Attend” lójú ewé ìpàdé náà, kẹ́ ẹ sì kọ iye ẹni tẹ́ ẹ ń mú bọ̀. Ẹni tó pè é ní láti sọ fún pọ́ọ̀bù iye àga tí wọ́n á tò. Èyí kò tíì fún yín ní máàkì o. “Attended” tẹ́ ẹ máa kọ lẹ́yìn ìpàdé ló máa wọ àkọsílẹ̀ yín.

Ẹ wo aago dáadáa. Òfin eré náà ni pé kí ìpàdé má dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ a sì máa gba wákàtí kan tàbí méjì. Èyí tí wọ́n kọ “7:00 sí 7:45” sí lára, ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ, àga òfìfo ló máa bá. Aago Nàìjíríà kò bá èyí mu rárá.

Nọ́ńbà ibi ìpàdé ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: N 51° 28.671. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni dígírì 51, àti ìṣẹ́jú 28.671. Bí ẹ bá fojú dá a, tẹ́ ẹ tẹ 51.28671 sínú máàpù, ẹ ti ṣìnà ní nǹkan bí kìlómítà 21 sí gúúsù, nítorí ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan, kì í ṣe 100. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì dígírì rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí áàpù fúnra rẹ̀ ṣí máàpù fún yín. Ẹ tún rántí pé GPS kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé: àmì sátẹ́láìtì tó dé ilẹ̀ ti rẹ̀ gan-an, òrùlé àti ògiri bíríkì sì ń dí i. Bí wọ́n bá ṣètò ìwákiri kékeré mọ́ ìpàdé, ẹ jáde síta, ẹ fún fóònù ní ìṣẹ́jú kan kó rí ojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Pọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ní ìlànà tí ẹnì kan kì í kọ sára ògiri. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa wá bá yín nídìí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sí káńtà, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ máa sanwó lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìlà tí ẹ máa rí, síbẹ̀ ìlà wà: ẹni tó ń ta ọtí mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹ dúró níbi tó ti lè rí yín, kẹ́ ẹ mú káàdì lọ́wọ́. Ẹ má ṣe “psss” sí i, ẹ má pàtẹ́wọ́ pè é. Ohun tó jẹ́ nǹkan lásán ní búkà nílé, èébú ni níbí. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà ara tábìlì yín kẹ́ ẹ tó dìde, wọ́n máa bi yín ní káńtà. Ilé ìdáná sì máa ń tì ṣáájú ilé ọtí, nítorí náà ẹ tètè ra tiyín.

“Pint” kan jẹ́ mílílítà 568, “half” sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ẹni tí kò mutí, kó béèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè, “mò ń wakọ̀” sì tó fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ibi tó ń kó àlejò sí ìdààmú ni “round”: ẹnì kan á ra fún gbogbo tábìlì, ẹlòmíràn á ra tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gba ti ẹni mẹ́ta, tí ẹ dìde lọ sílé kó tó kàn yín, wọn ò ní wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n máa rántí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tòun lòun á máa rà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dà bíi ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 25 ni wọ́n máa ń bi ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 18 ni òfin sọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín tó, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ọ́ nù sílé ọtí? Láísẹ̀n akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ ló dára jù láti máa mú káàkiri.

Ẹ má yà á sí àìmọ̀wàáhù nígbà tí baba ẹni àádọ́rin ọdún bá ní kẹ́ ẹ máa pe òun ní orúkọ tóun ń lò lórí áàpù. Orúkọ yẹn ni gbogbo wọn fi mọ ara wọn, òun náà ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ lẹ tiyín.

Lórí tábìlì kan, ẹ máa rí àwọn nǹkan kékeré tí wọ́n so àmì irin pẹlẹbẹ mọ́: rọ́kẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, òṣùpá onígi. Wọ́n ń pè wọ́n ní “trackable”. Kóòdù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kàn fẹ́ wò ó, ẹ kọ kóòdù sínú ìwé, kẹ́ ẹ wá tẹ “Discover” nílé. Bí ẹ bá mú un lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sínú cache mìíràn. Ẹni tó ń fi í sínú dúróà ni àwọn ènìyàn ń bínú sí. Ẹ má ya fọ́tò kóòdù náà síta, nítorí ẹni tí kò fojú rí i á máa fi ṣe máàkì. Èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi han gbogbo ènìyàn ni tara Perseverance, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Mars ní 18 oṣù kejì 2021: àwòrán rẹ̀ ni gbogbo ayé fi rí kóòdù rẹ̀. Cache gan-an tilẹ̀ wà ní ISS, ibùdó òfuurufú àgbáyé tó ń yí ayé po; Richard Garriott, arìnrìn-àjò òfuurufú, ló gbé e lọ ní 2008.

Ìjíròrò ò ní ṣòro. Bí wọ́n bá bi yín níbo lẹ ti wá, ẹ lè sọ fún wọn pé ní Guildford, ní Surrey, ni wọ́n ti kọ́ NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tó gòkè ní 2003. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pe tirẹ̀, kó fi ránṣẹ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, kí alábòójútó tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lè rí i wò. Owó ìwọlé kò gbọ́dọ̀ sí, ọjà títà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Kó bá onípọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ kó tó gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wọlé. Àwọn kan gbà, àwọn mìíràn ò fẹ́ rí i sójú.

Bí ẹ bá délé lẹ́yìn aago méjìlá òru, ẹ yẹ déètì wò kẹ́ ẹ tó fi “Attended” ránṣẹ́. Áàpù lè fún un ní déètì ọjọ́ kejì.