Bí mo ṣe wọn ìtànṣán inú iyẹ̀pẹ̀ Abẹ́òkúta kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ réáktọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí lẹni tó ń ṣe PhD lórí nuclear ń ṣe gan-an, iṣẹ́ tí súpáfáísọ̀ mi kọ́kọ́ gbé fún mi rèé. Wọ́n ní kí n tó ṣí ìwé kankan lórí réáktọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí agbára nuclear ti ń jáde, kí n lọ bu iyẹ̀pẹ̀ káàkiri Abẹ́òkúta, kí n wọn ìtànṣán tó wà nínú ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná nuclear síbì kan gbọ́dọ̀ ti wọn ilẹ̀ ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Torí lọ́jọ́ tí ará àdúgbò bá ní ẹ ti ba ilẹ̀ àwọn jẹ́, tẹ́ ò bá mọ ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi dá wọn lóhùn? Ìjọba ti mú Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom pé ibẹ̀ ló wu àwọn láti kọ́ ọ sí. Ẹni tó máa ṣerú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ níbòmíì, èmi sì gbà pé Abẹ́òkúta dáa fún un gan-an, torí orí àpáta la kọ́lé sí, granite sì máa ń ní uranium, thorium àti potassium nínú ju ọ̀pọ̀ òkúta lọ.

Mo bu iyẹ̀pẹ̀ ní Ìtokò, Ìkijà, ẹ̀yìn Olúmọ, Ọbántokò, mo tún bu ní Lafẹ́nwá létí odò Ògùn. Ibi yìí ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ojúlé olójúlé sínú náílọ́ọ̀nù tó tún ń kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹ mọ ohun táwọn èèyàn á kọ́kọ́ rò, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni mo sì máa ń gbé lẹ́tà lọ kí n tó yọ ọkọ́. Ní Ìtokò, ìyá àgbà kan jáde sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ ilé wa ṣe?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Àpáta yìí ní agbára kan tó ń tú jáde díẹ̀díẹ̀, ojú ò lè rí i, òun ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ wò." Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ohun tó máa pa àwọn. Mo ní rárá o, pé ìwọ̀nba rẹ̀ wà níbi gbogbo láyé, kódà ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tá à ń jẹ, pé mo kàn fẹ́ mọ iye tó jẹ́ ni, kó má jẹ́ pé à ń méfò. Wọ́n pe ọmọ ọmọ wọn pé kó wá bá mi gbẹ́ ẹ. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kankan tó kọ́ mi béèyàn ṣe ń sọ ọ́ kó yé wọn, ó sì yẹ kó wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nuclear.

Nígbà tí mo dé lábù, mo sá iyẹ̀pẹ̀ náà, mo tún gbé e sínú oven ní 110 degrees, mo gún un, mo jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ 2 mm, mo wọn 200 gram sínú ike kọ̀ọ̀kan, mo fi fasilíìnì pa ẹnu ike, mo wá fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin. Ó di lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé? Radium tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ máa ń di radon, radon sì jẹ́ gáàsì, ó lè sá lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí radon ń dà ni ẹ̀rọ wa ń rí, kì í ṣe radium fúnra ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 3.8, ìdajì radon á ti yí padà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá tì í mọ́nú ike fún ọjọ́ 28, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń lọ á ti dọ́gba.

Ẹ̀rọ tá a lò jẹ́ kírísítà sodium iodide, tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí ìtànṣán bá kàn án, tí wọ́n fi òjé tó nípọn yí ká kí ìtànṣán ìta má bàa wọ̀ ọ́. Mo kọ́kọ́ fi ohun méjì tá a ti mọ agbára ìtànṣán wọn tún un ṣe, kó lè mọ ibi tóun wà: caesium-137 tó máa ń yọ ní 662 keV (keV la fi ń wọn agbára ìtànṣán) àti cobalt-60 tó máa ń yọ ní 1173 àti 1332. Èyí ò ṣeé fojú di o, torí tí lábù bá gbóná, àwọn òkè orí sikíríìnì, ìyẹn ibi tí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ti ń yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò láyè wọn, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá mú un lọ, AC kú, ìnfátà nìkan ló kù tó ń gbé ẹ̀rọ. Mo máa ń yẹ cobalt yẹn wò kí n tó gbé sáńpù tuntun wọlé àti lẹ́yìn tí mo bá gbé e jáde. Sáńpù kan ń gba 36,000 sẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn wákàtí 10, mo sì tún ka ike òfìfo kan fún iye àkókò kan náà kí n lè yọ ti inú yàrá kúrò.

Potassium-40 ń yọ ní 1460 keV, ti ìran uranium, tí radium wà nínú ẹ̀, ní 1764, ti thorium ní 2614. Tí iye becquerel, ìyẹn iye átọ́ọ̀mù tó ń yí padà ní sẹ́kọ́ǹdù kan, bá ti jáde fún kílò iyẹ̀pẹ̀ kan, ẹ fi 0.462 sọ radium di púpọ̀, 0.604 fún thorium, 0.0417 fún potassium, ẹ wá ro wọ́n pọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni iye agbára ìtànṣán tó ń wọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní wákàtí kan, nanogray la fi ń wọ̀n ọ́n. Mo gbé iye becquerel tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti UNSCEAR, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ti ọdún 2000, tó ní ti gbogbo ayé jẹ́ 35 fún radium, 30 fún thorium àti 400 fún potassium nínú kílò kan. Àwọn tó wá láti ẹ̀gbẹ́ àpáta ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá thorium wọn, ti Lafẹ́nwá sì lọ sílẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, torí ó bá ohun tá a mọ̀ nípa granite tó wà nílẹ̀ wa mu.

Súpáfáísọ̀ mi ti buwọ́ lù ú. Ìṣirò neutron, èérún inú átọ́ọ̀mù tó ń mú réáktọ̀ ṣiṣẹ́, ló kàn báyìí, mo sì ti ń ka nípa NIRR-1, réáktọ̀ kékeré tó wà ní ABU Zaria láti 2004, tí wọ́n pààrọ̀ uranium inú ẹ̀ sí èyí tí ò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ ní 2018, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ ṣe apá kejì iṣẹ́ mi. Àwọn ike iyẹ̀pẹ̀ yẹn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábù, mo kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí mo bù ú sára wọn, fún ẹni tó bá fẹ́ tún un wọ̀n.