Kí ló ń ba fọ́tò ẹ̀dá kéékèèké inú òkun jẹ́? Ìbéèrè àwọn ará Èkìtì àti ìdáhùn

Èkìtì kò bá òkun pààlà níbì kankan. Síbẹ̀, a rí nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń mòòkùn lọ ya fọ́tò alákàn, edé àti ìgbín òkun níbi tí omi kò ti jìn. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọn á wá gbéra lọ sí etíkun. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé tọ̀ mí wá nígbà tí wọ́n bá dé ni mo kó jọ síbí. Ohun kan ló ń hàn léraléra nínú ìdáhùn mi: omi tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ẹran náà ló ń ba fọ́tò jẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Kí èèyàn tó lọ fi owó ńlá ra kámẹ́rà mìíràn, kó kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe dín omi náà kù.

Ìbéèrè (Adó-Èkìtì): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya alákàn kékeré kan níbi tí omi ò ju mítà 4 lọ. Mo tan fíláàṣì, àmọ́ àmì funfun tóótòòtó ló bo gbogbo fọ́tò náà. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kámẹ́rà rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bolẹ̀ mọ̀ pé tí òun bá tan iná gíga, funfun lásán lòun máa rí. Iná ìsàlẹ̀ ló ń fi ọ̀nà hàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fíláàṣì rẹ ṣe nínú omi. Omi etíkun kì í mọ́ tán: iyanrìn wínníwínní, ẹrẹ̀, àti àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán ò lè rí ń léfòó nínú rẹ̀. Fíláàṣì ara kámẹ́rà sún mọ́ lẹ́ǹsì jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ba gbogbo èérún tó wà lójú ọ̀nà, àwọn náà á sì dá a padà tààrà sínú lẹ́ǹsì.

Kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe é. Pa fíláàṣì, kí o ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí àmì funfun bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Tó bá ṣì wà lójú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, wo gíláàsì iwájú: afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi. Ìka lásán ló máa nù ún kúrò.

Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀, sún mọ́ ẹran náà. Ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ni mo fẹ́ kó jẹ́ òpin. Fún ohun tí kò tóbi ju èékánná lọ, ìdajì rẹ̀ dára jù. Bí omi àárín yín ṣe ń dín kù ni èérún inú rẹ̀ ń dín kù. Lẹ́yìn náà, gbé ìmọ́lẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà. Bóyá fíláàṣì tó ní apá ni o, bóyá tọ́ọ̀ṣì abẹ́ omi ni, gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì yí ojú rẹ̀ síta díẹ̀, kí etí ìmọ́lẹ̀ nìkan kan alákàn náà. Èérún tó wà níwájú lẹ́ǹsì á wá wà lókùnkùn.

Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Bàtà pẹlẹbẹ tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́ ń ru iyanrìn sókè ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Mọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí o kọjú sí i bí o ṣe ń sún mọ́ ẹran, kí ohun tí o bá rú lè bá omi lọ sẹ́yìn rẹ. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dàrú, ní sùúrù kó silẹ̀; títẹ kámẹ́rà léraléra nínú rẹ̀ kò ní mú un mọ́. Àsìkò pẹ̀lú ní tirẹ̀. Nígbà òjò, odò ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú òkun lẹ́bàá Èkó, ìgbì sì máa ń le láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń sọ pé kí àwọn èèyàn lọ.

Ìbéèrè (Ìkéré-Èkìtì): Brọ̀dá, edé pupa ni mo fi ojú ara mi rí. Kí ló dé tó fi jáde ní àwọ̀ eérú nínú fọ́tò?

Ìdáhùn: Omi ló gba àwọ̀ náà. Nínú gbogbo àwọ̀ tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, pupa ni omi ń kọ́kọ́ pa. Nígbà tí ẹ bá fi dé mítà 5, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ; àwọ̀ ọsàn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyeyè. Ọpọlọ wa máa ń tún àwọ̀ ṣe kí a tó mọ̀, kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé ìsàlẹ̀ tí ẹ lọ nìkan la ń kà. Omi tó wà láàárín ẹ̀yin àti edé náà kún un.

Nítorí náà, ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ láti ìtòsí, pupa náà á padà wá. Tí ẹ kò bá ní fíláàṣì, ẹ mú ike funfun pẹlẹbẹ dání, kí ẹ fi kọ́ kámẹ́rà ní ohun tí funfun jẹ́ níbi tí ẹ wà, kí ẹ sì tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi fọ́tò pamọ́ ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá, bí kámẹ́rà yín bá gbà á, torí ó rọrùn láti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Gíláàsì pupa tí wọ́n ń fi bo lẹ́ǹsì wà fún ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìkan. Tí ẹ bá ti fẹ́ tan fíláàṣì, ẹ yọ ọ́.

Ìbéèrè (Ìkọ̀lé-Èkìtì): Mo sún mọ́ ìgbín òkun kan dáadáa, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ṣú. Òkúta ẹ̀yìn rẹ̀ ló mọ́ kedere. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí o má tíì sún mọ́ ọn tó bí o ṣe rò, ó sì ṣeé ṣe kí o ti sún mọ́ ọn jù. Omi ń tan ojú: ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ wa ju ibi tó wà lọ, ó sì máa ń tóbi sí i lójú. Kámẹ́rà náà sì ní ìwọ̀n tí ẹran gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i kó tó lè mọ́. Tí o bá sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, kò ní rí ẹran náà dáadáa mọ́, òkúta ẹ̀yìn ni yóò dì mú. Lọ sí àmì òdòdó kékeré tó wà lórí kámẹ́rà, òun ni ti ohun kékeré. Nílé, nínú bàsíà omi, fi rúlà wọn ibi tó ti ń mọ́ jù, kí o mọ̀ ọ́n sórí kí o tó dé òkun.

Tí o bá ti mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kí lẹ́ǹsì máa wá ẹran kiri. Dì í mú síbẹ̀, kí ara rẹ ló máa lọ síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Ojú ẹran ni kó mọ́ jù lọ. Ti ìgbín òkun tí kò ní karawun, èyí tí wọ́n ń pè ní nudibranch, yàtọ̀: ojú rẹ̀ kò hàn síta, ìwo méjì orí rẹ̀ ni kí o dì mú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá tó, lo f/8 (ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì ni f yìí) lórí kámẹ́rà kékeré, f/16 lórí èyí tó ní lẹ́ǹsì ohun kékeré, kí àyè tó mọ́ lè nípọn sí i. Kí kámẹ́rà la ojú fún 1/125 tàbí 1/200 ìṣẹ́jú àáyá sì dára pẹ̀lú fíláàṣì.

Ìṣòro tó kù ni omi tó ń bì lọ bì bọ̀ níbi tí kò jìn. Má bá a jà. Ó máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó yí padà. Ìgbà yẹn ni kí o tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè (Ìjerò-Èkìtì): Ẹ̀gbọ́n, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mo máa ń dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo dé òkun, omi ń tì mí sókè, mi ò rí fọ́tò kan yà. Mo tún gbọ́ pé kí n sé èémí kí ọwọ́ mi má gbọ̀n.

Ìdáhùn: Ìkejì yìí ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Má ṣe sé èémí! Afẹ́fẹ́ tí o fà láti inú sílíńdà máa ń fẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró bí o bá ṣe ń gòkè, ó sì lè ya á. Kò dìgbà tí o bá wà níbi tó jìn: gígòkè tó nǹkan bíi mítà kan péré, pẹ̀lú èémí tí o fà kún tí o sì sé, lè ṣe èèyàn léṣe. Láti ojú omi dé mítà 10, ipá tó ń tẹ ara wa di ìlọ́po méjì, kò sí ibòmíràn tí ìyípadà rẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ibi tí kò jìn kò léwu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un. Máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí o tẹ kámẹ́rà nígbà tí èémí bá ń rọra jáde.

Ní ti omi tó ń tì ọ́, iyọ̀ ló fà á. Lítà kan omi òkun wúwo tó kílógíráàmù 1.025, ti omi adágún jẹ́ 1. Tí ìwọ àti gbogbo ẹrù rẹ bá tó kílógíráàmù 90, òjé bíi kílógíráàmù 2 ni wàá fi kún bẹ́líìtì rẹ. Fi ojú ara rẹ wò ó: nígbà tí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá ti fẹ́ẹ̀ tán, dúró lójú omi, tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù tó ń mú ọ léfòó sílẹ̀, kí o mí bó ṣe yẹ. Kí omi wà ní déédéé ojú rẹ. Bí o bá mí síta, kí o rọra rì. Tí o bá rì kí o tó mí síta, òjé ti pọ̀ jù, ìyẹn sì ni yóò máa gbé ọ lulẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá tí o wá yà.

Má dá wọ omi. Wo aago afẹ́fẹ́ rẹ láàárín fọ́tò kan sí èkejì, torí kámẹ́rà máa ń gba ọkàn èèyàn.

Ìbéèrè (Ìkọ̀gòsì-Èkìtì): Ìkùukùu ń bo lẹ́ǹsì láti inú. Omi ò sì wọlé.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin lo tì mọ́ inú àpótí kámẹ́rà. Nígbà tí omi tútù bá kan gíláàsì, ọ̀rinrin náà á di ìrì. Tí o bá gbé kámẹ́rà láti ibi omi gbígbóná tiyín lọ sínú omi tútù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o lè rí i kó ṣẹlẹ̀. Inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni kí o ti pa àpótí náà dé, kí o fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sínú rẹ̀, má sì gbé e sínú oòrùn kí o tó wọ omi.

Ìbéèrè (Ọ̀tùn-Èkìtì): Ọmọ mi, èmi ti dàgbà, mi ò lè máa lọ sí òkun mọ́. Ṣé ohun kan wà tí mo lè yà nílé níbí?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó wà, ó sì pọ̀. Edé odò, ìgbín, ẹja kéékèèké àti ọmọ lámilámi wà nínú àwọn odò wa, kò sì gba sílíńdà: ẹ jókòó sórí àpáta, kí ẹ ki kámẹ́rà bọ inú omi. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa èérún àti ìmọ́lẹ̀ ló bá ibẹ̀ mu. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni odò, torí àwọn omi kan wà tí wọ́n ní èèwọ̀. Ẹ má sì wọ omi tó dúró, tí ìgbín pọ̀ sí létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kó àtọ̀sí ajá.

Ìbéèrè (Adó-Èkìtì): Mo rí ẹja olórí ẹṣin nínú koríko òkun. Ṣé mo lè rọra gbé e síbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìrù rẹ̀ ló fi ń di koríko mú, tí omi kò fi gbé e lọ. Èyí tó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa ni Hippocampus algiricus. Wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n ń sá wọn gbẹ, wọ́n sì ń tà wọ́n, débi pé láti 2004 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ń ṣọ́ òwò gbogbo irú wọn láàárín orílẹ̀-èdè. Fọ́tò méjì mẹ́ta tó, kí o sì kúrò níwájú rẹ̀. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá mọ́, sọ kámẹ́rà kalẹ̀ kí o yà á láti ìsàlẹ̀, kí omi lásán wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè (Ìkéré-Èkìtì): Kí ni kí n ṣe sí kámẹ́rà kí n tó gbé e padà sílé?

Ìdáhùn: Má ṣí i. Rì í sínú omi tí kò níyọ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí o máa tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ kí iyọ̀ abẹ́ wọn lè jáde. Nù ún gbẹ kí o tó ṣí i, pàápàá etí ibi tó ti ń ṣí. Yọ òrùka rọ́bà rẹ̀, nù ún, wò ó lábẹ́ iná, fi gírísì tirẹ̀ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Irun kan tàbí ẹyọ iyanrìn kan lórí rọ́bà yẹn tó láti jẹ́ kí omi wọlé nígbà mìíràn tí o bá mòòkùn.