Bí A Ṣe Lè Po Ohun Mímu Ẹlẹ́rìndòdò Nílé, àti Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀

Ní ọdún 1767, Joseph Priestley, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó ń gbé lẹ́bàá ilé ìpọntí ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí afẹ́fẹ́ tí ó ń rú jáde láti ojú bíà tí ó ń hó nínú àgbá. Nígbà tí ó sì gbé omi sí òkè bíà náà, afẹ́fẹ́ yìí wọ inú omi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ kan náà, tí a ń pè ní carbon dioxide, ni ó ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò títí di òní. Jacob Schweppe sọ ṣíṣe irú omi bẹ́ẹ̀ di òwò ní ìlú Geneva ní ọdún 1783. Ó sì yẹ kí inú wa dùn pé obì wà nínú Coca-Cola tí John Pemberton kọ́kọ́ pò ní Atlanta ní ọdún 1886.

Bí ẹ bá fẹ́ po tiyín, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú ife, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kékeré méjì sí i, ẹ bu omi tútù nini lé e, kí ẹ sì rò ó títí ṣúgà yóò fi yòrò. Ẹ má fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣe é, nítorí omi tútù ni ó ń di afẹ́fẹ́ náà mú dáadáa. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ fi baking soda, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò, sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré péré, torí bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu. Bí ó ti ń pàdé omi kíkan ọsàn ni afẹ́fẹ́ yóò máa tú jáde. Ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣe dé e mọ́ inú ìgò, nítorí pé ìgò náà lè bẹ́.