Ojú Ẹni Tó Ní Àrùn Parkinson: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko

Ẹ jókòó síwájú ẹni tí ẹ ń tọ́jú nígbà tó bá ń gbọ́ rédíò, kí ẹ wo aago, kí ẹ sì fọkàn ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń kà á, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo ojú òun á kàn máa ṣẹ́ ẹ ṣáá ni. Ẹni tára rẹ̀ dá máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí Parkinson ń bá fínra lè má ju ìgbà 5 tàbí 10 lọ, ti ẹlòmíì kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 1817 tí dókítà James Parkinson ti kọ̀wé nípa àìsàn yìí, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ làwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sábà ka ojú mọ́ ọn. Dopamine, èròjà tí àìsàn yìí ń dín kù nínú ọpọlọ, wà nínú awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú pẹ̀lú, ibẹ̀ la sì fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Iṣan tó ń yí ojú àtèyí tó ń ṣí ìpéǹpéjú náà máa ń lọ́ra bíi ti ẹsẹ̀. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe awò ojú tuntun lẹ́ẹ̀mẹta, tí aláìsàn ṣì ń ṣàròyé pé òun ò ríran kàwé. Awò kọ́ ló ń dà á láàmú.

Ojú tó gbẹ

Bí a bá ti ń ṣẹ́jú là ń fi omi nu ẹyinjú. Bí ìnùnù yẹn bá dín kù, ojú á gbẹ. Á máa ta, á dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìríran á ṣú, á sì tún mọ́ bó bá ti ṣẹ́jú. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú ni pé ojú tó gbẹ lè máa da omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ara ló ń tú omi sí ohun tó ń ta á, ṣùgbọ́n omi yẹn kì í dúró lójú.

Omijé àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà nílé oògùn ló yẹ ẹ́. Bó bá máa lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, ẹ béèrè èyí tí kò ní èròjà amóògùn-má-bàjẹ́ nínú. Ẹ má fi oògùn tó ń mú ojú pupa funfun rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún fi táwẹ̀lì mímọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ìpéǹpéjú tó dì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ dán ooru rẹ̀ wò lọ́rùn ọwọ́ ara yín. Ẹ yí fáànù kúrò níwájú rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń lọ sóko gbọ́dọ̀ lo awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú nígbà eruku. Níbi tí wọ́n bá ti ń fín oògùn kòkòrò, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì fín in. Ojú tí kì í ṣẹ́ dáadáa kì í yára dì bí nǹkan bá ta sí i.

Kíkán oògùn nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n

Ibí yìí ni oògùn ti ń ṣòfò jù. Ẹ fọ ọwọ́. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó kọjú sí àjà. Ẹ fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi là bí àpò kékeré. Ẹ gbé ọwọ́ tó di ìgò mú lé iwájú orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń kán an, kó ṣe bákan náà, torí ọwọ́ tó bá fara ti orí kì í fò kúrò lórí ojú bí èyí tó wà lófuurufú. Kí ẹnu ìgò má fara kan ojú tàbí irun rẹ̀. Ẹ̀kán kan tó. Ojú ò lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó wá di ojú pẹ̀lẹ́, láìfún un, kí ẹ sì fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí oògùn má bàa ṣàn lọ sọ́nà ọ̀fun. Bí oògùn bá jẹ́ oríṣi méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín wọn.

Ẹni tó ń dá gbé lè dùbúlẹ̀, kó di ojú, kó kán an sí kọ̀rọ̀ ojú, kó tó wá là á. Oògùn á yí wọlé fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan tó di méjì

Bí a bá fẹ́ kàwé, ẹyinjú méjèèjì ní láti jọ yí sọ́nà imú. Nínú Parkinson, wọ́n lè má pàdé mọ́, ìlà ìwé á sì di méjì. Ẹ bo ojú kan. Bí èkejì bá pòórá, àwọn ojú méjèèjì ni kò fohùn ṣọ̀kan. Bí ó bá ṣì wà, inú ojú tí ẹ ò bò ni ìṣòro wà. Ẹ sọ èsì yìí fún dókítà ojú, yóò wúlò fún un gan-an. Ó lè fi awò oníprísìmù, ìyẹn awò tó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà kí àwòrán méjì lè di ọ̀kan, ṣàtúnṣe rẹ̀.

Mi ò fara mọ́ awò alápá méjì fún rírìn. Apá ìsàlẹ̀ tó wà fún ìwé máa ń mú kí ilẹ̀ àti àtẹ̀gùn ṣú lójú, ẹni tó sì ní Parkinson ti ń tètè ṣubú tẹ́lẹ̀. Kó ní ọ̀kan fún ìwé, òmíràn fún ìrìn. Àwọ̀ tó jọra náà ṣòro fún un láti yà sọ́tọ̀: kò ní rí ife funfun lórí tábìlì funfun dáadáa. Ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ títàn mọ́ etí àtẹ̀gùn, kí ẹ sì jẹ́ kí iná wà lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru.

Bí ìpéǹpéjú bá dì pa tí kò ṣeé là, kì í ṣe oorun, kì í sì í ṣe oríkunkun. Abẹ́rẹ́ botulinum, tó ń dẹ iṣan tó fún pọ̀, máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ bí oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá gún un.

Rírí ohun tí kò sí

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Màmá lè ní kí ẹ gbé àga fún ọmọdé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin náà rí i. Ẹ sọ pé: “Màmá, èmi ò rí ọmọ náà o, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹ̀yin rí i. Ṣé ó ń bà yín lẹ́rù?” Ẹ tan iná sí i. Nígbà míì, ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló di èèyàn lójú wọn.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń fi èyí pamọ́ kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní wèrè, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè. Ó lè jẹ́ àfikún oògùn, àkóràn inú ìtọ̀, omi tó dín kù lára, tàbí àìsàn náà fúnra rẹ̀. Bó bá dé lójijì, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ sì rán oníṣègùn tí kò bá mọ aláìsàn yín létí pé Parkinson ló ní, torí oògùn bíi haloperidol, tí wọ́n ń fún ẹni tó ń rí ohun tí kò sí, ń mú kí Parkinson le sí i.

Oògùn àti àmì ewu

Trihexyphenidyl, ọ̀kan lára oògùn Parkinson, lè mú ojú ṣú. Bí ọ̀nà tí omi inú ẹyinjú ń gbà jáde bá fún lójú ẹnì kan, ó lè mú kí omi náà máa ti ẹyinjú rẹ̀ láti inú gan-an. Amantadine, oògùn Parkinson mìíràn, lè mú kí awọ iwájú ẹyinjú wú. Síbẹ̀, ẹ má dá oògùn Parkinson dúró lójijì fúnra yín: ara lè le gbagidi, ibà líle sì lè tẹ̀ lé e, èyí tó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Bí ìríran bá lọ lójijì, bí ojú bá pọ́n, tó ń dunni gan-an tí èébì sì tẹ̀ lé e, tàbí bí rírí nǹkan méjì bá bẹ̀rẹ̀ lójijì pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Fún àyẹ̀wò mìíràn, ẹ mú wákàtí tí oògùn Parkinson máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Ẹ kó gbogbo oògùn dání, pẹ̀lú gbogbo awò, títí kan èyí tó ti kọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, ẹ sọ ṣáájú ọjọ́ náà pé orí tàbí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ sì béèrè bóyá kó lo oògùn Parkinson rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà.