Bí a ṣe ń ya histogram tó ní ìwúwo, pẹ̀lú ìlà àṣìṣe, nínú Python

Histogram ni àwòrán tó ń pín dátà sí ìsọ̀rí, tó sì ń fi iye tó wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ẹyọ kan nínú dátà yín bá dúró fún 0.5, tí òmíràn dúró fún 2 (ìwúwo wọn nìyẹn), NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python, máa ro ìwúwo wọn pọ̀ láìsí wàhálà. Ìlà àṣìṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: ìlà kékeré orí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, tó ń fi hàn bí iye ibẹ̀ ṣe lè yẹ̀ tó.

Níbi tí kò bá sí ìwúwo, gbòǹgbò iye ẹyọ, np.sqrt(h), ló máa ń jẹ́ àṣìṣe; h ni àpapọ̀ inú ìsọ̀rí. Bí ìwúwo bá ti wọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ tó wá gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ ká mú ìsọ̀rí tó ní 0.5, 1.5 àti 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4, np.sqrt(4) sì máa fún yín ní 2. Àmọ́ 0.25 + 2.25 + 4 jẹ́ 6.5, gbòǹgbò rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 2.5. Bí ẹ bá sọ gbogbo ìwúwo di ìlọ́po 1000, h náà á di ìlọ́po 1000, ṣùgbọ́n np.sqrt(h) kò ní ju ìlọ́po 32 lọ. Àṣìṣe á wá kéré lójú, bẹ́ẹ̀ ẹ kò fi ẹyọ dátà kankan kún un.

```
import numpy as np
import matplotlib.pyplot as plt

ok = np.isfinite(x) & np.isfinite(w)
x, w = x[ok], w[ok]
eti = np.linspace(0, 100, 21)
h, _ = np.histogram(x, bins=eti, weights=w)
h2, _ = np.histogram(x, bins=eti, weights=w**2)
asise = np.sqrt(h2)
aarin = (eti[:-1] + eti[1:]) / 2
plt.stairs(h, eti)
plt.errorbar(aarin, h, yerr=asise, fmt='none', capsize=2)
plt.show()
```

Array NumPy ni kí x (dátà yín) àti w (ìwúwo wọn) jẹ́. w**2 kò ṣiṣẹ́ lórí list. Ẹ má yọ ìlà ok kúrò, torí NaN (àmì pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀) kan ṣoṣo nínú w lè ba ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí jẹ́. Etí 21 ń bí ìsọ̀rí 20. Ohun tó bá bọ́ sí ìta 0 sí 100 máa pòórá láìsí ìkìlọ̀, nítorí náà ẹ fi h.sum() wé w.sum(). Ní ti bins='auto', kò gba ìwúwo rárá, TypeError ló máa gbé jáde. Matplotlib 3.4 ni plt.stairs ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi density=True, tó ń sọ àpapọ̀ agbègbè histogram di 1, sí ìlà h2: àpapọ̀ w**2 ni yóò fi pín in, kì í ṣe ti w. Ẹ ṣe k = h.sum() * np.diff(eti), kí ẹ fi k pín h àti asise.

Ìsọ̀rí tó ṣófo máa ní àṣìṣe 0. Ìyẹn kò sọ pé ó dá wa lójú, ẹ má ya ìlà sí i. Ẹ tún wo h**2/h2, iye ẹyọ tí ìsọ̀rí náà tó ní tòótọ́. Ní àpẹẹrẹ òkè, kò ju 2.46 lọ. Ibi tó bá ti kéré báyìí, ẹ fẹ ìsọ̀rí lójú.

Gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí ó bá jẹ́ ìwádìí agbolé ni, tí wọ́n mú ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò kan náà, àwọn ará àdúgbò sábà máa ń jọra, àṣìṣe yìí á sì kéré jù. Bootstrap, ìyẹn títún dátà ṣà léraléra láti mọ àṣìṣe, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa mú odidi àdúgbò, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan.