Bí a ṣe dín iṣẹ́ abẹ kù ní yàrá ìrọbí wa

Agbẹ̀bí ni mí. Nígbà tí wọ́n ní kí n darí iṣẹ́ dídín iṣẹ́ abẹ ìbímọ kù nílé ìwòsàn wa, ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí ìyá àti ọmọ tí abẹ gbà lọ́wọ́ ikú, mo sì ti rí àwọn tí abẹ pẹ́ kó tó kàn.

Ìwé rẹ́jísítà ni mo kọ́kọ́ kó jáde. Mo pín gbogbo obìnrin tó bímọ lọ́dọ̀ wa láàárín ọdún kan sí ìsọ̀rí 10 tí dókítà kan tó ń jẹ́ Robson là sílẹ̀ ní 2001: ṣé àkọ́bí ni, ṣé àpá abẹ wà, ṣé ọmọ kan ni àbí ìbejì, ṣé orí ló ń bọ̀ níwájú, ṣé oyún ti gbó, ṣé ìrọbí bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ló bá a lọ, torí ojú ìwé mìíràn ò ní ju "kò lè bí" lọ. Kì í ṣe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn tàbí tí gìrì mú ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń bí àkọ́bí ni, tí ara wọn le, tí a gbé lọ sí tíátà pé ìrọbí dúró, nígbà tí ọrùn ilé ọmọ ò tíì ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4. Àwọn yìí kan náà ló ń padà wá pẹ̀lú àpá nígbà oyún kejì.

Ìtọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2018 ni mo gbé síwájú gbogbo wa: láti sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí ti ń wọra gan-an, kò sì pọn dandan kó máa ṣí sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi fúnra mi yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí kò tíì dé 5, a ní kó rìn, kó mu omi, kí ìyá tàbí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. A fi aṣọ gé yàrá kí ìtìjú má bàa sí. A ò sì yé tẹ́tí sí ọkàn ọmọ.

Lẹ́yìn náà, dókítà àgbà kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lọ sí tíátà. Bí ìwọ́ bá yọ síta ṣáájú ọmọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, a kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí a ti ń ka iye abẹ, la ń ka ọmọ tí kò ké àti ìyá tí ilé ọmọ rẹ̀ ya. Mo kọ̀ kí wọ́n ka ọ̀kan láìka èkejì.

Nígbà tó yá, obìnrin kan dé tí kò sẹ́ni tó mọ irú gígé tí wọ́n gé e nígbà àkọ́bí. A ò lè jẹ́ kó gbìyànjú láti bí fúnra rẹ̀, kí ojú àpá náà má bàa ya. A tún gbé e lọ sí tíátà. Ó dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ irú gígé àti ìdí rẹ̀ sórí káàdì kékeré tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń mú relé.