Bí mo ṣe tún òdòdó ara ògiri ilé wa ṣe ní Pópó Àgùdà

Òjò oṣù keje ló já òdòdó náà bọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mo fi gbọ́ gbìì, tí mo sáré jáde. Òdòdó tí àwọn àgbà bíríkìlà mọ sí òkè fèrèsé pálọ̀ ti fọ́ yángá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ewé mẹ́jọ tó ní, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lára ògiri. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìyá tó máa ń dín àkàrà níbẹ̀ kò tíì dé.

Ilé àwọn bàbá ńlá wa ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní ìtòsí Òpópónà Bámgbóṣé ní Erékùṣù Èkó. Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé kí a ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí a lẹ táìlì mọ́ ọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n gbà.

Kí n tó fọwọ́ kan ògiri, mo kọ́kọ́ gba Òpópónà Martins lọ sí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. João Baptista da Costa tó kọ́ ọ ni mo ń wá lọ. Àgùdà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló jẹ́ pé ẹrú ni wọ́n kó àwọn tàbí òbí wọn dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀ wálé: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ aṣọ rírán. Mohammed Shitta, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ló náwó mọ́ṣáláṣí náà. Ọdún 1891 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n sì ṣí i. Carter, gómìnà òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti Tọ́kì, òun ló sì mú oyè Bey wá fún Shitta. Títí dòní, kò sí ẹni tí kò mọ Bey yẹn l'Ékòó. Orúkọ bíríkìlà ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pẹ̀lú: da Costa, àti Sanusi Aka, ọmọ Yorùbá tó bá a ṣiṣẹ́ náà.

Ìdí tí mo fi lọ síbẹ̀ kò ju pé iṣẹ́ wọn ṣì dúró níbẹ̀ lọ. Àwọn Àgùdà míràn, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 1934 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò tí wọ́n parí ní 1913 náà ti lọ, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúubú, tí àwọn Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, ọjọ́ Sunday kan, 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó o palẹ̀. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Eruku ṣì wà lójú afẹ́fẹ́. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Ní Shitta-Bey, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi pẹ́ńsù ya àwòrán láàárín Àyílà àti Alásàrì. Bí oòrùn ṣe ń yí ni mo rí ohun tí mo wá rí. Òjìji ló ń gbé iṣẹ́ náà yọ. Ibi tí wọ́n gbẹ́ sínú jìn dáadáa, ibi tó yọ síta sì yọ gan-an, tó fi jẹ́ pé oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń fa ìlà dúdú sí abẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo kàn mọ òdòdó pẹlẹbẹ sára ògiri wa ni, èèyàn ò ní rí i láti òpópónà.

Mo wá bá bàbá bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì bá mi délé. Wọn ò mú irinṣẹ́ kankan dání. Wọ́n kàn fi ìka kan ògiri. Ibì kan dún kọ́kọ́, ibì kan dún bí akèrègbè òfìfo.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́? Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi pa á."

Òótọ́ ni. Nígbà kan sẹ́yìn, ẹnìkan tí a gbé iṣẹ́ fún ti fi símẹ́ǹtì dí ojú ibi tó sán, ó sì kun ún ní ọ̀dà olóròóró. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sun ni wọ́n fi mọ ògiri wa. Ó máa ń fa omi lásìkò òjò, á sì tú u jáde lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Símẹ́ǹtì le jù ú lọ, kì í jẹ́ kí omi náà jáde. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, ojú bíríkì á di ìyẹ̀fun, gbogbo rẹ̀ á wá já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Láìmù ni wọ́n ń fi rẹ́ ilé nígbà yẹn, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta ẹfun tàbí ìkarahun tí wọ́n fi iná sun.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi yọ símẹ́ǹtì náà pẹ̀lú òòlù kékeré. Mo ra láìmù, mo pò ó mọ́ omi nínú ike, mo jẹ́ kí omi bò ó lórí, mo sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí tó fi dà bí ògì tó dì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, nítorí ó máa ń bó èèyàn lára. Ìwọ̀n láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta ni mo lò. Yanrìn odò ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Iyọ̀ wà nínú yanrìn etíkun, yóò sì hu funfun sára iṣẹ́ bó bá yá.

Ìlà tó yí fèrèsé ká kò fún mi ní wàhálà. Mo gé páànù sí àwòrán ètí rẹ̀, mo kàn án mọ́ pákó, mo ń wọ́ ọ lọ lórí láìmù tútù títí tí ìlà fi jáde.

Òdòdó ni iṣẹ́. Mo fi amọ̀ tútù tẹ ojú ewé tó ṣẹ́kù kí n lè mọ bó ṣe nípọn tó. Nígbà tí mo yọ amọ̀ náà, mo rí i nínú rẹ̀: ipa àtàǹpàkò ní ìdí ewé, kòtò kékeré tó tẹ̀ sí apá òsì. Ẹni tó mọ ewé yẹn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sára ògiri. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi sínú kòtò náà. Ó gbà á. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè tún ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní fi mọ́dù ṣe é. Ọ̀bẹ ìgé-àlùbọ́sà àti ṣíbí ni mo lò. Mo ń lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele, ìpele kan kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo ń fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó kí ó má bàa tètè gbẹ kó sì sán. Mo ń dúró bí ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lẹ òmíràn lé e. Ewé kẹta bàjẹ́ nítorí ìkánjú mi, mo yọ ọ́, mo tún un ṣe. Ewé kọ̀ọ̀kan ni mo tẹ̀ ní ìdí, ní apá òsì.

Ọjọ́ tí mo ṣí àpò kúrò, àwọn ìyá wa àgbà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n dúró sí òpópónà. Wọ́n ní kí n sọ èyí tó jẹ́ tuntun nínú ewé mẹ́jọ náà fún àwọn. Mo nawọ́ sí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní fèrèsé apá ọ̀tún náà ti ń dún bí akèrègbè o.

Láìmù rẹ̀ ti wà nínú omi báyìí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.